Irin Jangilọ́fà Tí Mo Gbé Dé Ọ̀run

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ojú èmi fúnra mi ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò rọ́ ọ fún mi, n kò sì kà á níbì kankan, nítorí ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ irin. Ṣùgbọ́n ajórin bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Géètì tí ẹ gbà wọlé láàárọ̀ yìí, èmi Lásúnkànmí ni mo jó o, ó ti lé lógún ọdún, kò mì rí.

Ẹ rántí jangilọ́fà tí ìjọ rà fún àwọn ọmọ wa, èyí tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, Bàbá Alàgbà da òróró sí i, a kọrin yí i ká lẹ́ẹ̀meje. Àgbàlagbà kankan kò jókòó lé e kó dán an wò. Mo wo ibi tí wọ́n ti jó irin òkè pọ̀, mo rí i pé wọn kò jó o dénú, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò ni wọ́n fi dí i, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó. N kò sọ̀rọ̀. Mo ní ta ni mo jẹ́ tí màá bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí òróró ti kàn? Lọ́jọ́ kẹrin, Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń fì lórí rẹ̀, irin òkè já, ó gbá a lẹ́nu, ó sì wó lu ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo mú rìsíìtì lọ bá ọlọ́jà tó tà á fún wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní kí wọ́n ka ìsàlẹ̀ yẹn fún yín: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà."

Mo ní, "Irú rẹ̀ mélòó lo ti tà fáwọn iléèwé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ lọ jó o padà. Ṣebí iṣẹ́ yín ni?"

Bàbá Alàgbà ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí n kó irin tó já fáwọn tó ń ra àkúfọ́ irin, ká ṣe ìdúpẹ́ pé ọmọ kò kú. Mo fi ọ̀rọ̀ náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúrà agogo méjìlá, oorun gbé mi lọ lórí ẹní nínú ilé ìjọsìn yìí.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fi òòlù kékeré kàn mí léjìká. "Dìde, ajórin. Gbé irin rẹ." Mo wo ọwọ́ mi, irin tó já náà ni, èyí tí mo tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé!

Ó mú mi gba ọ̀nà kan tó gbóná ju ibi tí mo ti ń jó irin lọ. Mo rí àwọn elékèé tí wọ́n ń fi ahọ́n lá ọ̀dà gbígbóná. Àwọn alágbèrè ń rìn lórí ẹ̀yinná. N kò dúró wojú wọn, kí n má baà dá ẹnì kan mọ̀. Mo gbójú sókè, yéè! jangilọ́fà ni, ó ga ju òpó wáyà lọ, àwọn èèyàn jókòó lé e, ó ń fì wọ́n lọ, ó ń fì wọ́n bọ̀ lórí iná, irin òkè ń dún kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́, wọ́n ń ké pé yóò já, yóò já, kò já, kò sì dúró!

Ọkùnrin náà ní, "Wọ́n mọ̀ pé ọjà wọn kò dára, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n tà á fọ́mọdé."

Ìjókòó kan ṣófo. Inú mi dùn. Mo ní, "Ti ọlọ́jà wa nìyẹn!"

Ó wò mí. "Ti ẹni tó rí i tó sì dákẹ́ ni."

Ẹ̀yin ará, n kò wolẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ní rárá o, èmi kọ́, n kò ní jókòó síbẹ̀ láé! Mo fi irin ọwọ́ mi lu òpó náà gbàù!

Ibi tútù kan ni ọkùnrin náà tún mú mi dé. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi lábẹ́ igi. Ìyá mi tó ti kú wà láàárín wọn, ó di aṣọ ìnujú funfun kan mú.

Ó ní, "Lásúnkànmí, gbogbo àdúgbò kì í gbádùn tó o bá ń yin ara rẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a nílò ariwo rẹ, o wá ya odi."

Ó tú aṣọ náà. Ìka Morẹ́nikẹ́ méjì tí irin gé ló wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà léèékánná wọn. Ó ní, "Mò ń bá a tọ́jú wọn. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé tọmọ ẹlòmíì wá bá mi."

Mo sunkún. Mo ní, "Ṣebí a ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́?"

Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Ọlọ́run ti gbọ́. Ìjọba ni ẹ kò tíì sọ fún."

Mo jí, òógùn bò mí. Bàbá Alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n irin yìí kò ní lọ sọ́dọ̀ aláàkúfọ́. Òun nìyí níwájú yín. Lọ́la, tòun ti rìsíìtì, a ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ra ọjà burúkú. Akọ̀wé yóò kọ ọ́, èmi yóò tẹ̀ka. Ohun yòówù kí ọlọ́jà kọ sísàlẹ̀ rìsíìtì, kò lè fún un láṣẹ láti ṣe ọmọ wa léṣe. Ẹni tí jangilọ́fà aláwọ̀ ewé yẹn bá wà níléèwé ọmọ rẹ̀, kó lọ gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kó tó jẹun lónìí. Èyí tí a bá sì tún rà, àgbàlagbà ni yóò kọ́kọ́ gùn ún, ká tó da òróró.

Ohun tó sọnù nìyí: ìka méjì, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ọ̀tún. Eyín iwájú kan. Jangilọ́fà kan. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi dákẹ́.