Bí Mo Ṣe Fi Abẹ́rẹ́ Lọ́ńdọ̀nù Pa Ohùn Àbẹ̀ní

Ẹ̀yin ará tí ẹ máa ń wá gbọ́ orin ní pálọ̀ mi nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ sún mọ́ mi. Òtítọ́ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mo sì fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde lójú gbogbo yín. Alhaji Tàjùdéèn tí ẹ sọ pé ó di adití, kò dití rí. Èmi Adétóyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ń ka Bíbélì ketekete ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo sọ ọ́ di adití.

Àwo wákà kan ṣoṣo ló kù tí Àbẹ̀ní, ìyá Alhaji, kọ kó tó kú. Èmi ni mo ní ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ. Nígbà tí kátíríìjì rẹ̀ bàjẹ́, ìyẹn orí kékeré tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, Alhaji ra òmíràn ní Ìlọrin. Kò wọ́n. Èmi ní kí Ìyìnolúwa ọmọ mi fi tèmi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Báwo ni mo ṣe yàn án? Èyí tó wọ́n jù ni mo nawọ́ sí! Gbogbo ìwé tí mo kà kò jẹ́ kí n béèrè bóyá áńpù mi, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè, lè gbé e. Kò lè gbé e. Nígbà tí mo dán an wò, ohùn Àbẹ̀ní ń kùn bí ẹ̀fọn inú ìgò. Ṣé kí n wá sọ bẹ́ẹ̀ síta, lẹ́yìn tí mo ti gbé àpótí rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ fi yangàn?

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi méjèèjì wéra, bí Alhaji ṣe jáde lọ ṣe àlùwàlá, mo fi òrí bíńtín ra ẹnu abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Òrí tí mo fi ń pa orúnkún tí mo fi ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ni o! Tirẹ̀ dún bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. A gbé tèmi sí i. Jímọ̀ télọ̀ fò sókè: "Ẹ gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù!" Mama Susannah dijú, ó ní, "Ó mọ́ bí omi inú àmù." Omi àmù kẹ̀! Iye owó rẹ̀ lẹ gbọ́, ẹ ò gbọ́ orin.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí a ti ń fi tèmi gbọ́ ọ, Alhaji fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tíṣà, n ò gbọ́ màámi nínú àwo yẹn mọ́. Àfi bí àjèjì."

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Alhaji, etí yín ni. Àgbà ti dé."

Ó gbà mí gbọ́! Ó lọ ra ẹ̀rọ etí, kò sì wá mọ́. Ó ní kí ni adití ń wá nídìí orin.

Lánàá, n kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo fi sípíríìtì nu abẹ́rẹ́ Ìlọrin náà tó ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo kó ẹ̀rọ, áńpù àti àwo sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé Alhaji lọ́nà Ìjàgbó. Mo jẹ́wọ́ lójú rẹ̀. Alhaja Asiata, ìyàwó rẹ̀, pàtẹ́wọ́: "Tíṣà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wàásù fún wa!"  Alhaji nawọ́ sí ẹ̀rọ náà pé kí n tan án.

Mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Àbẹ̀ní dé! Ohùn rẹ̀ kún yàrá, a gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó dá orin. Alhaji yọ ẹ̀rọ etí sọnù. "Màámi nìyẹn! Asiata, màámi rè é!" Ó dìde, ó ń jó, omi ń dà lójú rẹ̀. Orúnkún mi gbàgbé ìrora, èmi náà ń jó.

Nígbà tí orin tán, ó mí kanlẹ̀. "Tíṣà, ìkà ni yín. Ẹ yí i padà, ká gbọ́ ojú kejì."

Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ra irú nǹkan báyìí lóde òní, etí yín ni kí ẹ fi yàn án, ẹ má fi ojú aládùúgbò yàn án. Sátidé tó ń bọ̀, ilé Alhaji ni ìjókòó wa. Òun ni yóò gbé abẹ́rẹ́ lé àwo; èmi yóò jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ayọ̀ mi yóò sì ju ti gbogbo yín lọ.