Ohun tí mo sọ fún bàbá mi nípa òjò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bínú. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé àsìkò ìgbìn àgbàdo tún ti dé.

Mo jáde ní yunifásítì, n kò ríṣẹ́. Ní Ìkàrẹ́ tí mo ń gbé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn díje lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Kì í ṣe tẹ́tẹ́, ẹ jọ̀ọ́; kò sówó níbẹ̀. Èèyàn á kàn kọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló rò pé nǹkan náà fi lè ṣẹ. Ẹni tó bá sún mọ́ òótọ́ jù ló ń wà lókè. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí ara mi bí èèyàn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n béèrè bóyá òjò tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà wa kò ní dáwọ́ dúró. Mo wo ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ títí, mo kọ ogójì. Ìyẹn ni pé mo rò pé yóò dá.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí bàbá mi ní Ọ̀kà. Ó ń ṣa irúgbìn lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá bi mí nípa òjò tí mo sì fi ìdá dá a lóhùn, á ní, "Ṣé mo ní o bá mi ka iṣu ni? Ó ń rọ̀ àbí kò rọ̀?"

Lọ́jọ́ náà, ó ní, "Wòlíì orí fóònù, ṣé kí n gbìn?"

Màmá Dúpẹ́, tí oko rẹ̀ bá ti bàbá mi pààlà, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Gbogbo ìwé tó kà, kò ríṣẹ́, òjò ló fẹ́ rí?"

Ojú tì mí gan-an. N kò fẹ́ kí n tún dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo ní, "Bàbá, òjò kò ní dá mọ́. Ẹ gbìn."

Bàbá mi gbìn. Ó rọ Màmá Dúpẹ́ títí òun náà fi gbìn. Òjò dá. Àgbàdo hù, ó gbẹ.

Èmi sì gòkè nínú ìdíje nítorí ogójì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, mo yọ̀ kí n tó rántí oko.

Màmá Dúpẹ́ kì í dáhùn ìkíni bàbá mi mọ́. Bàbá mi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Ohun tọ́mọ mi rí ló sọ. Ojú ọ̀run ló yí padà."

Bí mo bá jẹ́wọ́, mo ti pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó gbà mí gbọ́. Bí n kò bá jẹ́wọ́, n kò mọ bí n ó ṣe máa wo ojú rẹ̀.

Àná, ó tún pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ? Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan irúgbìn àfi tí mo bá sọ̀rọ̀.