Omi Tí Mo Fi Du Ìyàwó Ọmọ Mi

Waheedat, má kọjú sí ògiri mọ́. Rùkáyàt, ìwọ náà dúró, kí o gbọ́ ohun tí ìyá rẹ ṣe. Ismaheel ọkọ rẹ ti lọ wá mọ́tò. Kó tó dé, òótọ́ tí mo ti ń gbé mì láti ọdún méjì yóò jáde lónìí, bí ẹ bá sì fẹ́ lé mi kúrò nílé yìí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lé mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti àná tí ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọ, Waheedat, ìwọ tí oyún oṣù méje wà nínú rẹ, omi kò kan ètè rẹ. O ń sọ fún Rùkáyàt pé, "Omi ló pa ọmọ mi àkọ́kọ́ nínú, Màmá ló sọ fún mi." Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa.

Rùkáyàt, Ìsẹ́yìn ni o wà nígbà oyún àkọ́kọ́ yẹn. Àsìkò tí à ń ṣa kajú ni, Ismaheel sì wà lóko lọ́nà Ìlerò. Bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe ń da Waheedat láàmú, ó lọ rí Nọ́ọ̀sì Tèmítọ́pẹ́, ìyẹn sì fún un ní lẹ́búlẹ́bú oníyọ̀ àti ṣúgà kan, pé kó pò ó mọ́ omi tó mọ́, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó ní bó bá tiẹ̀ bì, kó sinmi díẹ̀, kó tún mu. Ó ní, "Bí o kò bá tọ̀ mọ́, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ wá, tàbí tí o kò gbúròó ọmọ nínú, má dúró rárá, máa bọ̀." Nígbà tí Waheedat sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Nílé tiwa, láti ayé ìyá mi, a kì í fún ẹni tó ń yàgbẹ́ lómi. A ní èyí tó bá mu náà ni yóò tún yà. Mo ti bímọ mẹ́fà, ọmọdébìnrin nọ́ọ̀sì tí kò tíì bí ẹyọ kan ló wá fẹ́ kọ́ mi ní ìtọ́jú oyún! Ìgbéraga ni, mi ò ní í pè é ní ìfẹ́.

Mo da lẹ́búlẹ́bú yẹn sí ṣáláńgá. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi kúrò nínú yàrá Waheedat. Mo wá lọ sọ́dọ̀ Oyèlékè oníkẹ́mísì, mo ní kó fún mi ní kápúsù pupa òun yẹ́lò tí a máa ń lò fún inú. Ó bi mí pé, "Ìyá Ismaheel, ta ló fẹ́ lò ó? Ṣé kì í ṣe ìyàwó yín? N kì í tà á fún aláboyún o." Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Èmi ni. Inú tèmi ló bàjẹ́." Ahọ́n yìí náà ni, òun náà ni mo sì fi ń kírun. Ó tà á fún mi, mo sì fún Waheedat lò ó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ti bó. Ó wọ́ dé ẹsẹ̀ mi: "Màmá, ẹ dákun, ẹ fún mi lómi, kó kàn tutù lọ́fun mi." Aṣọ tútù ni mo fi nu ètè rẹ̀, mo ní kó fara dà á.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Màmá, láti ìdájí ni n ò ti gbúròó ọmọ." Waheedat, èyí tí mo fi pamọ́ jù nìyí: mo rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo rántí rẹ̀ dáadáa! Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá dé ọsibítù, wọn yóò bi wá pé kí lo ti mu, àṣírí mi yóò sì tú. Mo ní, "Ọmọ ń sùn ni." Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú, títí Ismaheel fi ti oko dé. Kí a tó dé ọsibítù, ọmọ ti kú. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní omi ara rẹ ló gbẹ. Mo délé, mo yí i padà, mo ní omi tí o ti mu kí n tó gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò ló pa á. O kúnlẹ̀ fún mi. O ní, "Ẹ má bínú, Màmá, àìgbọ́ràn mi ni." Mo sì gba ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ, èmi ìkà.

Rùkáyàt, ìwọ náà yóò ní ìyàwó ọmọ lọ́jọ́ kan. Ohun tí o kò bá mọ̀, béèrè, má fi orí ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ọ.

Mo gbọ́ mọ́tò Ismaheel. N ó bá yín lọ. Bí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́, ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ. Waheedat, mi ò ní kí o forí jì mí lónìí. O lè má forí jì mí láéláé. Omi nìyí. Yanu, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi lò ń bẹ̀rù, Rùkáyàt ni yóò fún ọ mu.