Àgbà Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Dọ̀bálẹ̀

Jókòó, Folúkẹ́, jókòó sórí ibùsùn, ìwé ló wà lórí àga. Lẹ́tà tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú Wa fi rán ọ sí mi, mo ti kà á, mo sì tún un kà, àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní mo ti di bàbá ìsàlẹ̀. Bàbá ìsàlẹ̀ kí ni? Ti owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi tọrọ, tí wọn ò fún mi. Kí n wọ agbádá wá sílé alága yín lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n máa pín owó náà, kí n sì fi nǹkan díẹ̀ lé e fún àwọn ọmọ tí wọ́n yàn. Má wulẹ̀ bo ẹnu, mo rí i pé o ń rẹ́rìn-ín.

O ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni wọ́n fi rí irọ́ pa fún ọ. Òótọ́ ni mo gba fọ́ọ̀mù wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ lọ. Ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì, wọ́n ní owó tí wọ́n fi ń ran àwọn tó ń ṣe Másítàsì lọ́wọ́ ti tán láti ọdún mẹ́ta. Ní ọ́fíìsì ìjọba, akọ̀wé kan tó ń jẹ ẹ̀pà wo ọjọ́ orí mi, ó ní ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó máa lọ sílé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta sì ni mí. Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ yín nìkan ni kò béèrè ọjọ́ orí. Mo ní, a à, àwọn èèyàn wa gbọ́n.

Gbọ́n kẹ̀.

Wọ́n ní ká wọ aṣọ ìbílẹ̀ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nílé Ayẹni, alága yín, ní Bódìjà. Agbádá ìgbéyàwó mi nìkan ni agbádá tí mo ní. Mo gbé e wọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó yìí, torí epo ò sí, ọkọ̀ ò sí. Bí mo ṣe wọlé báyìí, Ayẹni dọ̀bálẹ̀. Adéróunmú akọ̀wé rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e. "Bàbá, ẹ kú ìrìn o, ṣé àlàáfíà ni Kábíyèsí wà?" Àṣé wọ́n ń retí ìjòyè kan láti ilé tó fẹ́ bá wọn jókòó. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti fi mí sórí àga tìmùtìmù, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú mi, wọ́n fi bébà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fún àwọn ọmọ ní máàkì. Èmi. Kí n fún ara mi ní máàkì.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó jẹ́ẹ́. Ì bá mu ọtí náà tán, kó sì fún ara rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni Ikúbọlájẹ́, nọ́ńbà kẹrin lórí ìwé yín." Ayẹni wò mí bí ẹni tí mo jà lólè. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún.

Mo fi Ọlọ́run búra, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n ní orí ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó yẹn, níwájú gbogbo ẹgbẹ́, àgbà tí alága bá sì ti dọ̀bálẹ̀ fún, kò lè wá dọ̀bálẹ̀ fún alága mọ́. Wọ́n ní àṣà ni. Ta ló bí àṣà yẹn? Ṣé Ayẹni oníṣòwò símẹ́ńtì, tó jẹ́ pé ìwé fóònù nìkan ni ìwé tó wà nílé rẹ̀, ló fẹ́ kọ́ mi ní àṣà? Ojú mi níbẹ̀ ni wọ́n ṣe bi Olúrótìmí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wá tọrọ owó náà, pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kọ́, ó ní òun máa bi ẹ̀gbọ́n òun. Wọ́n fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ kúkú tẹ̀ dáadáa.

Jẹ́ n sọ ohun tí wọn ò béèrè fún ọ. Ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè Àdó, mo gé bébà ìwé tí mi ò lè kà fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ọmọ ogún ọdún ló ń kọ́ wa, Moróunkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Tó bá ti wọlé, màá dọ̀bálẹ̀ kí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti ya wèrè. Mo ní ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí, kò sí lọ́wọ́ bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, àyà mi ò bó.

Ó ku orí kan péré kí n parí iṣẹ́ ìwádìí mi. Tí n kò bá sanwó títí Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á pa orúkọ mi rẹ́ ní yunifásítì. Torí kí ni? Torí pé ìkánjú àtidọ̀bálẹ̀ ń ṣe Ayẹni.

Gba lẹ́tà yín. Sọ fún wọn pé mi ò ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n dá orúkọ mi padà sórí ìwé. Wọn ì báà gbà, wọn ì báà kọ̀, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Agbádá yẹn náà ni màá wọ̀. Màá ṣí fìlà, màá na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú Ayẹni, níwájú ẹni tó ń ya fídíò, mi ò sì ní dìde títí wọ́n á fi pe orúkọ mi. Bí àṣà bá ní kí òun náà dọ̀bálẹ̀ padà fún mi, kó wá ibì kan nà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Pálọ̀ rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ó gba àwa méjèèjì.