Àga Tí Mo Gbé Láti Ìkẹ́rẹ́ Lọ sí Adó

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo wá dá. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó pẹ́ tí mo ti ń sá fún máìkì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ọ̀rọ̀ mi kò sú.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí wọ́n ní kí àwa ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ máa bọ̀ nílé, inú wa dùn. A dé Adó, kò sí tábìlì, kò sí àga. Èmi táípíìsì, mo ń tẹ lẹ́tà ìjọba lórí ìdúró! Ni mo bá gbé àga kan nílé ní Ìkẹ́rẹ́, mo so ó mọ́ orí takisí, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ wò ó, torí kí n lè tètè rí mọ́tò, mo ti pa àdúrà òwúrọ̀ tì. Tẹ́lẹ̀, kí omi tó kàn mí lójú, èmi àti Ọlọ́run á ti jọ sọ̀rọ̀. Ó wá di inú mọ́tò ni mo ti ń gbàdúrà, a kì í sì í tíì kúrò nílùú tí mo ti máa sùn lọ. Tó bá wá di Ọjọ́rú, màá bọ́ síwájú ẹgbẹ́ obìnrin, màá gbàdúrà tí ilẹ̀ á fi mì. Ẹ̀ ń ṣe Àmín. Àgbá òfìfo ló ń pariwo yẹn. Ẹni tí kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láàárọ̀, inú á máa tètè bí i. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe Bíbélì.

Akọ̀wé kan wà lọ́fíìsì wa, Folúkẹ́ lórúkọ rẹ̀, ará Ìsẹ̀. Ó lóyún oṣù mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sórí àga mi kí n tó dé. Mo kìlọ̀ títí. Lọ́jọ́ kan, ó dìde díẹ̀ kó mú fáìlì, mo bá fa àga mi sẹ́yìn. Ó ní kí òun padà jókòó, yéè! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Tí mo bá ní mi ò rí i pé ó ń padà jókòó, irọ́ ni mo pa.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Dókítà ní òun ò lè sọ bóyá oyún náà máa dúró. Gbogbo ọ́fíìsì ní ó yọ̀ ṣubú ni. Èmi náà ní ó yọ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn, àdúrà kọ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀, tí mo ní "Bàbá", ibẹ̀ ni màá ti dìde. Ní Ọjọ́rú, ẹ̀yin obìnrin ní kí n wá darí àdúrà fún aláboyún ọ́fíìsì mi. Ẹ rántí pé mo ní orí ń fọ́ mi? Orí kankan ò fọ́ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí ọmọ yẹn bá kú, èmi ni mo pa á.

Ní Sátidé, mo lọ bá a ní ọsibítù. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Mo ní, "Folúkẹ́, èmi ni mo fa àga yẹn."

Ó ní, "Mo rí ọwọ́ yín, mà. Mo kàn ń wò ó bóyá ẹ máa wá ni."

Ẹ̀yin ará, mo sunkún! Òun gan-an ló mú mi lọ́wọ́ pé ká gbàdúrà. Mo ní "Bàbá", ọ̀rọ̀ sì jáde. Mi ò pariwo. Mo ní kí Ó má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀jẹ̀ dá. Oyún dúró, ó pé oṣù. Mo sọ òótọ́ fún gbogbo ọ́fíìsì, àwọn kan ò kí mi dòní, ó tọ́ sí mi. Ní báyìí, mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kí n tó jáde. Tí mọ́tò bá fẹ́, kó fi mí sílẹ̀.

Ọmọ tí ẹ rí lẹ́yìn mi yìí, tí ẹ ti ń wo ara yín pé ibo ni ìyá àgbà ti rí ọmọ, ọmọ Folúkẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e pọ̀n mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Ẹ dìde, ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ rọra pàtẹ́wọ́ o. Ó ti sùn.