Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ Pé Ó Ń Fi Ebi Pa Mí

Àwọn tó wà ní àgbàlá ilé wa ní Asafo, ní Kumasi níbí, lọ́jọ́ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ogbó ti dé, mo ti gbàgbé. Àbúrò mi ọkùnrin, Àlàájì Múnírù, òun ló ni ilé, ọmọ ọmọ rẹ̀ la sì ń sọ lórúkọ. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì. Ààfáà tó ṣàdúà, tó ti jẹun tán tó ń fi igi ta eyín. Àwọn ìyá mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin. Ìyá ọmọ tuntun, pẹ̀lú ọmọ náà tó ń sùn lórí itan rẹ̀. Síkírátù, ọmọ àbúrò bàbá mi, tí a jọ dàgbà lórí ẹní kan, tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Mọ́ríyámọ̀, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi. Èmi náà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Àti Adwoa, ìyàwó ọmọ mi, ìyá Mọ́ríyámọ̀, ọmọ Asante, tó ń gbé omi tútù kiri fún gbogbo wa.

Nínú gbogbo àwọn tí mo kà yìí, yàtọ̀ sí ọmọ jòjòló náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́ Yorùbá, òun náà sì la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ó ti di oṣù mẹ́rin tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ó sì ti wúwo ju gbogbo ẹran ara tí mo gbé kiri fún ogójì ọdún lọ.

Tẹ́lẹ̀ rí, mo sanra. Kì í ṣe sísanra àwàdà. Nígbà tí mo ń ta aṣọ ní Adum, bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, àwọn ọlọ́jà á ti máa fa igbá wọn sẹ́yìn kí n lè ráyè kọjá, wọ́n á máa pè mí ní "Obolo! Obolo!", bí àwọn ará ibí ṣe ń pe ẹni tó bá tóbi. Èmi á máa rẹ́rìn-ín, màá máa ju apá, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, tí ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú, ni ara rẹ̀ ń kún. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé wa nìyẹn. Èmi náà sì ni mo mọ ìtàn ìdílé wa. Èmi ni wọ́n ń bi léèrè ẹni tó bí ta ni, ẹni tó fẹ́ ta ni, àti bí bàbá wa ṣe kúrò ní Ìlọrin wá sí Kumasi pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Mo mọ ikú wọn bí mo ṣe mọ ìbí wọn. Ìyá mi rù kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rù, kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí a sin ín. Lójú tèmi, ara ńlá jẹ́ ẹ̀rí pé ikú ò tíì mọ ọ̀nà ilé mi.

Ṣùgbọ́n orúnkún kò mọ ìtàn ìdílé. Ó dé ibi tí mi ò lè dìde lórí ẹní ìkírun mọ́ àfi kí ẹnì kan fà mí lọ́wọ́. Adwoa mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀, gbé mi sórí ìwọ̀n, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, ó yẹ ṣúgà wò, ó ní, "Nana, ìyá àgbà, ẹ gbọ́dọ̀ dín ara yìí kù." Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Èmi, tí wọ́n ń fi ara mi yangàn nínú ẹbí! Lójú ọ̀nà ni mo ti bẹ Adwoa pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Asafo gbọ́. Ó búra fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìbúra yẹn, nítorí ó pa á mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kàrímù ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Tamale, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà èmi àti Adwoa àti Mọ́ríyámọ̀ la jọ ń gbé. Bí mo bá ti kí ìrun àárọ̀ tán, Adwoa á ti gbé bàtà kánfáàsì mi sí ẹnu ọ̀nà, á kúnlẹ̀, á di okùn rẹ̀ fún mi, torí ikùn mi kì í jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ara mi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rìn dé Anloga Junction, níbi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń to àga àti bẹ́ẹ̀dì síta, tí òórùn igi tuntun gba gbogbo afẹ́fẹ́. Wọ́n á kígbe pé, "Maame, brɛoo!", kí n máa rọra. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Maame, ṣé kí n kan àga tó ní táyà fún yín?" Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fẹ́ ẹni tó máa jókòó sórí àwọn tó ti kàn. Bí a bá délé, Adwoa á ní kí n jókòó sórí àga kí n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí mo bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀méje, màá ní mo ti parí rẹ̀, pé Lárúbáwá ni mo fi ń kà á. Á fi Twi, èdè àwọn Asante, dá mi lóhùn pé, "Maame, Ọlọ́run gbọ́ Twi náà o. Ó ku mẹ́ta." Fùfú mi kéré títí ó fi dà bí ìkúùkù ọmọ ọwọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹfà tí a ti ń rìn, mo forí kanlẹ̀ lórí ìrun, mo sì dìde láìsí ẹni tó fà mí. Mo sunkún lórí ẹní níbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n dígí! Ta ló sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ara tó ń sàn lè máa dẹ́rù bani? Awọ apá mi rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Bùbá ń yọ́ kúrò léjìká mi. Ọrùn mi, tó máa ń ní ìlà mẹ́ta, ti di ọrùn tòlótòló. Ìyá mi ni mo ń rí nínú dígí yẹn, ìyá mi ti oṣù tó lò kẹ́yìn láyé, mo sì mú aṣọ, mo fi bò ó. Adwoa rí i. Ó mú òrí, ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa mí lápá díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Maame, awọ yìí ni kò tíì gbọ́ pé ẹran ti kó lọ. Ẹ fún un láyè, yóò gbọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde, mo tún gbé apá náà sókè, mo tún wò ó.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wá pé. Mi ò tíì dé Asafo láti bí oṣù mélòó kan, àwáwí ni mo ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ró ìró mẹ́ta sábẹ́ èyí tó hàn síta, mo wọ bùbá méjì léra, kí ìdí mi lè kún bíi tàtijọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, tàbí kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àṣé ó ṣeé ṣe kéèyàn ró aṣọ síbàdí, kò ṣeé ró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Síkírátù ló kọ́kọ́ rí ojú mi. Ó ká ọwọ́ lé orí.

"Hà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìyí? Ta ló fi yín ṣe báyìí?"

"Ara mi le, Síkírátù."

"Ara wo ló le? Egungun ló kù o! Ọmọ Asante yìí ti jẹ yín tán. Ọmọ yín ń fowó oúnjẹ ránṣẹ́ láti Tamale, òun ń fi ebi pa yín! Àlàájì, ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n yín!"

Àbúrò mi wá, ó di ọwọ́ mi mú, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé òótọ́ ni ohun tó ń sọ yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn kan péré ni ì bá parí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n dín ara kù. Kí ló wúwo níbẹ̀? Ṣùgbọ́n mo wo àwọn ìyá mẹ́rin náà, mo rò ó bí wọn á ṣe máa rẹ́rìn-ín pé èmi, ọmọ bàbá mi, ń jókòó ń dìde lórí àga láràárọ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Àánú tí wọ́n ń ṣe mí sì tún dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ni mo bá mí kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀." Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí lẹ́nu àgbà. Ó ju ẹ̀sùn lọ. Gbogbo àgbàlá pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà náà ni Adwoa gbé omi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó rí i pé gbogbo ojú ń wo òun. Ó bi mí ní Twi pé, "Maame, kí ni wọ́n ń sọ?" Mo dá a lóhùn pé, "Wọ́n ní o ń tọ́jú mi dáadáa." Ojú rẹ̀ tàn. Ó yíjú sí wọn, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó mọ̀ sọ pé, "Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé gan-an!" Ó sì kúnlẹ̀ fún Síkírátù. Síkírátù gbójú kúrò. Nígbà tí mo wolẹ̀, ojú Mọ́ríyámọ̀ ni mo bá pàdé. Ọmọ náà gbọ́ èdè méjèèjì.

Ooru àti ìtìjú pọ̀, òòyì kọ́ mi. Adwoa mú mi wọ yàrá, ó ń tú ìró mi kí n lè mí. Ó tú ọ̀kan, ó tú èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Maame, ṣé èmi ni mo dójú tì yín? Ṣé ká dá ìrìn náà dúró?" Mi ò lè dáhùn. Ó rò pé mo ti dáhùn. Láti ọjọ́ kejì, kò gbé bàtà mi sí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Kàrímù dé láti Tamale láìsọ tẹ́lẹ̀, Àlàájì ti pè é. Ó dúró sí pálọ̀, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Adwoa, kí lò ń fún ìyá mi jẹ?" Adwoa ti búra fún mi pé òun ò ní sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà, kò sì sọ ọ́, kódà fún ọkọ rẹ̀, kódà nígbà tí ilé rẹ̀ fẹ́ dàrú lójú rẹ̀. Ó kàn ń wò mí. Ojú yẹn ni mi ò lè fara dà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Kàrímù, ilé ìwòsàn, ìrìn, àga, fùfú. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Adwoa bi mí lẹ́yìn náà pé, "Maame, ta ló sọ fún wọn pé mo ń fi ebi pa yín?" Mo ní, "Ẹnu ayé ni." Irọ́ kejì nìyẹn.

Orúnkún mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ìyẹn kéré. Èyí tó dùn mí jù ni pé Mọ́ríyámọ̀ ń kí mi láàárọ̀ bí ẹni ń kí àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ara yín kù, tí ẹ̀rù dígí ń bà yín, mo mọ ẹ̀rù náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹlẹ́yà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín pé kí ló ń ṣe yín, ẹ yáa dáhùn kíákíá. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó níyì máa ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, ẹni tó fẹ́ràn wa jù ló sì máa ń sún mọ́ ọn jù. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, màá lọ sí Asafo, màá sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Àmọ́ ẹnì kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn gbọ́, ẹnu mi ò sì lè gbé e.

Mọ́ríyámọ̀, ìwọ lo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, o sì gbé e sínú nítorí mi. Ẹrù àgbà ni, kì í ṣe tìrẹ. Mú ìwé yìí lọ bá ìyá rẹ ní kíṣìnì, kí o kà á fún un ní Twi láti òkè délẹ̀. Bí o bá dé ibi tí mo ti mí kanlẹ̀, má sáré. Bí o bá sì dé ibi irọ́ mi, má bá mi wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ fún un.