Ohùn Ìyá Gíríìkì

Alága wa, ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ọkọ mi tó ń yọ́ aago wò lọ́hùn-ún yẹn, mo kí yín o. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ pé ẹ wá.

Láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ àlùfáà níbí. Ẹ ti yìn mí tó lónìí tí mò ń fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ mi.

Ìyá Gíríìkì la máa ń pè é, torí èdè Gíríìkì inú Bíbélì ló ń kọ́ wa. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá a nílé, torí à ń kó ìtàn àwọn obìnrin tó ti kọ́ni níbí jọ.

Ó ní, "Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ arúgbó ṣe?"

Mo ní, "Ìyá, a fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ṣe é ni."

Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tóun dé, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Ilé aránṣọ tó wà lódìkejì títì lòun máa ń sáré lọ, nínú òjò, tòun ti oyún. Ó ní ọjọ́ tóun kọ́kọ́ wàásù, àwọn kan dìde, wọ́n jáde. "Mo dúró kí wọ́n tilẹ̀kùn tán, mo wá ń bá ìwàásù mi lọ."

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó gbọ́ ohùn náà ní ká yọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò, pé kò yẹ ìtàn ilé Ọlọ́run. Mo ní, "Ó yẹ kójú ìyá rí i, kò wá yẹ kétí wa gbọ́ ọ?" Alága wa yìí ló sọ pé, "Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà." Bàbá, mo dúpẹ́.

Ohùn rẹ̀ àti ti àwọn obìnrin míì wà nílé ìkàwé báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ti palẹ̀ ẹrù mọ́, tó fẹ́ pa ẹ̀kọ́ tì máa lọ sílé, gbọ́ ọ níbẹ̀, ó tú ẹrù. Òun ló ń gba iṣẹ́ mi. Ọmọ mi, dìde kí wọ́n rí ọ.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀ dé ọdún tí wọ́n fi í jẹ ọ̀gá, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ yẹn ò bá a láyé. Ta ló tì í lẹ́yìn? Ta ló yọ ọ́ lẹ́nu? A ò mọ̀, a ò sì ní mọ̀ mọ́. Àwọn ìyá méjì tó ti ń kọ́ni ṣáájú mi ló jókòó níwájú yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀ lónìí láìjẹ́ pé ẹ bá wọn dá ọjọ́ tí ẹ máa wá gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo wa dàgbà, kí ọpọlọ wa jí pépé, ká sì rí ẹni tí yóò bi wá léèrè. Ẹ ṣé o, ẹ kú ìfetísílẹ̀.